Ojú Ọ̀run Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wá fún Starlink Mini l'Ádó-Èkìtì

Ẹni tó bá gbé Starlink Mini, àwo kékeré tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ara sátẹ́láìtì, wọ Òkèṣà tàbí Ajílosùn, níbi tí ilé ti fara kan ilé, ojú ọ̀run ni kó kọ́kọ́ wá. Àwọn sátẹ́láìtì yìí kì í dúró sójú kan. Nǹkan bíi 550 kìlómítà ni wọ́n fi jìnnà sílẹ̀, wọ́n ń sáré kọjá, àwo á sì máa fi ọ̀kan sílẹ̀ mú òmíràn. Bí ọ̀kan bá bọ́ sẹ́yìn ògiri aládùúgbò, nẹ́tíwọ̀kì á já fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹni tó ń wa fíìmù sórí fóònù lè má mọ̀ rárá, àmọ́ ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp á mọ̀ kíá.

Ìwọ̀n 110 dígírì ni àwo náà ń rí. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, gbogbo mítà 1 tí ògiri bá fi ga jù ú lọ, ẹ sún un sẹ́yìn ní mítà 1 àti ààbọ̀. Ògiri tó fi mítà 3 ga jù ú ń fẹ́ mítà 4 àti ààbọ̀, àgbàlá wo ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìgboro? Orí òrùlé ló kù. Ẹ gun ibi tí àwo máa jókòó gan-an, ẹ ṣí ápù Starlink, kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà fóònù wo ojú ọ̀run yíká. Ẹ má wò ó láti ilẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú kẹ́ ẹ tó gba àwòrán ìdíwọ́ inú ápù gbọ́. Bí igi máńgòrò bá wà nítòsí, ẹ tún un wò lọ́dọọdún, torí igi ń ga.

Ẹ má tẹ́ àwo sórí páànù. Páànù ọ̀sán máa ń gbóná débi tí àwo á fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ fi irin gbé e sókè ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Páànù yìí kan náà ló ń dí Wi-Fi inú àwo lọ́nà láti dé yàrá ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ na wáyà nẹ́tíwọ̀kì Cat6 láti ẹ̀yìn àwo wá sí rọ́tà (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) inú ilé.

Iná ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. 12 sí 48 fólítì ni àwo ń gbà, ó sì ń jẹ bíi 25 sí 40 wáàtì, ó lè fò dé 60. Àwọn kan á so ó mọ́ bátìrì 12 fólítì pẹ̀lú wáyà 1.5mm tó gùn ní mítà 15. Bó bá fa 60 wáàtì, ámpíà 5 ló ń kọjá, wáyà náà á sì jẹ tó fólítì 1.7 lójú ọ̀nà. 12.8 ló kúrò nídìí bátìrì, bíi 11 ló dé ọ̀dọ̀ àwo. Ẹ máa rí i: á tàn, á fẹ́ mú sátẹ́láìtì, á kú, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn á ní àwo ti bàjẹ́, kò bàjẹ́ o. Ẹ fi bóósítà, ẹ̀rọ tó ń sọ fólítì di púpọ̀, gbé iná náà sí 24 fólítì nídìí bátìrì, kẹ́ ẹ tó na wáyà.

Páwà báǹkì tó lè gbé 100 wáàtì jáde lórí USB-C náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti 20,000 mAh kò ju wákàtí 2 lọ. Bátìrì lithium 12.8 fólítì, 20Ah, á gbé e tó wákàtí 7.

Bí ojú ọ̀run bá ṣú, tí àrá ń sán, ẹ yọ wáyà iná àti Cat6 kúrò lára rọ́tà kí òjò tó dé.