Aṣọ ìbora ìrántí màmá mi: ẹtù ti gbà, ètò ti yí padà

Mò ń to ègé aṣọ pọ̀ di aṣọ ìbora láti fi rántí màmá mi. Lálẹ́ àná ni iṣẹ́ tó fẹ́ẹ̀ mú mi kó maṣíìnì sábẹ́ ibùsùn yanjú. Ègé ankara àti àdìrẹ ti pé, mo gé wọn ní ìnsì 8½ níbùú lóròó, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n, mo sì ti lẹ gum stay, aṣọ alátè tó ń mú aṣọ le, mọ́ ẹ̀yìn àwọn léèsì. Kò sí ohun tí a ń sọ mọ́ nípa ìwọ̀nyẹn. Aṣọ òkè, ìyẹn ẹtù, àlàárì àti shain-shain, ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ègé onígun mẹ́rin 70 ni mo pète láti tò pọ̀, méje ní ìbú, mẹ́wàá ní gígùn, àti pé mo fẹ́ kí ìró ẹtù tí màmá mi ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ìpèlé àlàárì wọn, àti gèlè shain-shain wọn tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1980 wà láàárín ankara níbi gbogbo. Ibi tí kòkòrò ti jẹ lára ìró náà ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Bí àlùmọ̀gàjí bá ti kan ẹtù, etí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tú, nítorí pé òwú rẹ̀ nípọn, kò sì sí ohun tó dì í mú mọ́ níbi tí a ti gé e. Ègé tí mo wọ̀n dáadáa kí n tó gé e a ti dín kù kí ó tó dé abẹ́ maṣíìnì. Gum stay kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ara ẹtù kì í tẹ́jú bí ti ankara, àtè náà kàn ń di orí òwú mú ni, kò wọ inú rẹ̀. Ti shain-shain tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: òwú onídídán inú rẹ̀ jẹ́ irú ike, iná tó bá sì pọ̀ tó láti yọ́ àtè yóò ti ká òwú náà kò.

Mo wá fi sígísáàgì ká etí àwọn ègé náà. Ìyẹn dá títú dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ìṣòro mìíràn dìde, nítorí pé níbi tí igun ègé mẹ́rin bá ti pàdé, aṣọ á pọ̀ lórí ara wọn títí òkìtì yóò fi yọ lójú rírán. Abẹ́rẹ́ 14 ṣẹ́ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ 16 kọjá pẹ̀lú ìnira. Abẹ́rẹ́ 18 kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ihò tó ń dá sára ankara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ṣeé wò. Èyí tó tún wá bí mi nínú jù ni pé aṣọ tó wúwo ń fa èyí tó fúyẹ́, ankara sì ń hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù bó ti wù kí n dẹ òwú maṣíìnì tó.

Ẹ̀yìn ìró náà fúnra rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ ń hun aṣọ òkè. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan nínú ti màmá mi fẹ̀ tó ìnsì 4, télọ̀ ló sì rán wọn mọ́ ara wọn di ìró. Etí ọ̀já kọ̀ọ̀kan ni òwú ti ń yí padà nígbà tí ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá bá lọ tó bá bọ̀, kò sì lè tú láéláé. Kí ni mo wá ń gé e fún? Bíléèdì ni mo mú, mo tú ojú rírán télọ̀ ní sùúrù, ọ̀já náà sì jáde lódindi, ìnsì 72 ní gígùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti kúrò lórí òfì.

Nítorí pé etí yìí kò nílò ìṣẹ́tí, n kò kọjú wọn síra rán gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe pẹ̀lú ankara. Mo gbé etí ọ̀já ẹtù lé etí ankara ní ìdámẹ́rin ìnsì, mo sì rán an láti òkè ní ìlà méjì, abẹ́rẹ́ 16, ojú rírán gígùn. Etí ankara tí a gé ti wà lábẹ́, kò sí ìṣẹ́po, kò sí òkìtì, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀já kan ni mo tíì rán, mo sì ti rọ́ ọ, mo fà á, mo tún fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kò hunjọ.

Ìdí nìyí tí ètò fi yí padà. Òpó márùn-ún tí a to ègé sí ni yóò wà báyìí, pẹ̀lú ọ̀já mẹ́fà: ẹtù mẹ́rin láàárín wọn, àlàárì kọ̀ọ̀kan ní etí òsì àti ọ̀tún. Ìnsì 64 ni ìbú yóò jẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ so ọ̀já mọ́ ọ̀já kí gígùn lè pé ìnsì 80 tí ègé mẹ́wàá yóò gbà, ṣùgbọ́n ibi ìsopọ̀ náà yóò tún gba àlùmọ̀gàjí àti sígísáàgì, nítorí náà mo dín ègé inú òpó kọ̀ọ̀kan kù sí mẹ́sàn-án. Ègé 45 péré ni mo nílò mọ́. Missouri Pettway ti Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama, tó fi aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí ṣe aṣọ ìbora ní 1942, náà da ègé fífẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀já gbọọrọ, kò sì fi dandan lé e pé kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ tí n kò rò tẹ́lẹ̀: ọ̀já tó kù nínú ìró náà ṣì wà lódindi, àwọn àbúrò mi lè pín in. Aṣọ òkè sányán tí àǹtí wa ti ń ṣọ́ lójú mi kò ní í fojú kan bíléèdì rárá, nítorí pé baba aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ fi dánra wò. Àǹtí wa ni wọ́n rí òpó tí mo tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní ó jọ ẹ̀kú eégún. Mo gbà á bí ìyìn, nítorí aṣọ àwọn ará ilé kan náà ni wọ́n ń kó jọ sára ẹ̀kú náà.

Ẹni tó ní kí n fi iyọ̀ àti fínígà rẹ àdìrẹ Ìtòkú (ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta) kí aró rẹ̀ má baà ṣí, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹlú ni wọ́n fi rẹ ẹ́, aró ẹlú kì í sì í yọ́ sínú omi. Èyí tó ń dọ́tì sí wa lọ́wọ́ ni èyí tó jókòó sórí òwú láìwọ inú rẹ̀, kò sí iyọ̀ tó lè so ó mọ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ kí n tó gé e.

Ti ìtìsínú, òwú tí a ń tì sáàárín òkè àti abẹ́ aṣọ ìbora, ni mo ti pa tì. Ní ọjà Gbági, òwú ìrọ̀rí tó ga bí irun àgùntàn ni wọ́n ń fi hàn mí nígbàkigbà tí mo bá béèrè ohun tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ni ẹtù nìkan ti wúwo tó fún òtútù Ìbàdàn. Fúláńẹ́ẹ̀lì kan ni yóò wà lábẹ́, n ó sì fi ọwọ́ so ó mọ́ òkè ní igun ègé kọ̀ọ̀kan.

Ó ku shain-shain. Gèlè náà gùn tó láti kọjá ní ìbú láìsí ìsopọ̀, nítorí náà ọ̀já rẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi parí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀. Apá ẹsẹ̀ ni mo fi sí, nítorí ó máa ń ta ni lọ́rùn.