Mo sá fún epo fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ mi tún lé sí i

Ọjọ́rú tó kọjá ni mo gba èsì àyẹ̀wò mi tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lọ́kàn mi, mo ní kí n tètè kọ ọ́ kó tó tutù. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ní PCOS bíi tèmi, àìsàn tó ń da ètò ẹyin àti nǹkan oṣù obìnrin rú, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: nǹkan oṣù tó ń wá nígbà tó bá wù ú, irùngbọ̀n tí à ń fá kí ọkọ tó jí, ikùn tí kì í lọ, àti àwọn tó ń wo ikùn yẹn tí wọ́n ń bèèrè pé oṣù mélòó ló kù. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀ láti 2019 tí wọ́n ti yẹ̀ mí wò. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dúró sí ibi ẹyin nìkan, pé ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìjókòó ni iṣẹ́ wa. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ó ń rẹ̀ mí ṣáá, dókítà sì ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá ẹ̀jẹ̀. Triglyceride mi, irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 348, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tó 150. HDL, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá rere, jẹ́ 36, ó sì yẹ kí tobìnrin ju 50 lọ. Dókítà yẹn ò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ dín epo àti ẹran kù," ó kọ statin, oògùn tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù, fún mi, ó pe ẹni tó kàn.

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu, Ọlọ́run rí mi. Kẹ́ẹ̀gì epo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo gbé e fún ìyá tí a jọ pààlà ìsọ̀. Mi ò din nǹkan kan mọ́. Ata tí mo fi omi lásán sè ni mo fi ń jẹun, kò sẹ́ran, kò sí gbẹ̀gìrì. Oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo padà lọ ṣe àyẹ̀wò ní oṣù kẹrin, mo múra bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí n dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin inú lábù náà ń pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan!" Èèyàn mẹ́ta ló pé jọ. Ọ̀kan nínú wọn yọ fóònù, ó ya fọ́tò. Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ìgò kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ti yí i, pupa ti sọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè tó yẹ kó mọ́ kedere wá funfun bí omi ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tèmi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó yíjú sí mi nínú wọn.

Kí n tó débi dókítà, ọ̀rọ̀ ti débẹ̀ ṣíwájú mi. Nọ́ọ̀sì kan jáde sí àárín èrò, ó ní, "Màdáàmù tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà bíi mílíìkì dà?" Gbogbo orí ló yí. Mo dìde. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo wọlé, dókítà ka nọ́ńbà triglyceride mi: 612. Mo ní, "Dókítà, mi ò fẹnu kan epo láti oṣù kìíní." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́, màdáàmù. Ẹnu ló ń parọ́."

Mo wọ kẹ̀kẹ́, mi ò mọ̀gbà tó gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ. Pánṣẹ́kẹ́ ni mo bọ́ sílẹ̀ sí, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún láàárín èrò. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ọkọ mi, òun náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lo ò jẹ ẹ́?" Ọkùnrin tí a jọ ń jẹ ata olómi yẹn. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àbúrò ìyá mi ló mú mi lọ bá dókítà míì, obìnrin àgbà kan. Ó gbọ́ tẹnu mi tán, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lẹ fi ń jẹ ata aláìlépo náà?" Mo ní láfún. Ó ní báwo ló ṣe tóbi tó. Mo fọwọ́ júwe rẹ̀. Kò sẹ́ran, kò sépo, ebi ń pa mí, mo sì ń fi òkèlè dí i. Ó tún bi mí ohun tí mò ń mu. Tíì olóyin láàárọ̀, torí wọ́n ní oyin kì í ṣe ṣúgà. Mínírà kan ní ọ̀sán gangan, nígbà míì méjì. Omi ọ̀pẹ òyìnbó lálẹ́. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ò parọ́. Wọn ò ṣàlàyé fún yín ni."

Ó ní nínú ọ̀pọ̀ àwa tí a ní PCOS, ara kì í gbọ́ ti ìnsúlíìnì, ohun tó ń bá ara lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa, ara á wá máa tú u jáde lọ́pọ̀ sí i. Ìyẹ̀fun àti ṣúgà tí ara ò rí lò, ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀rá, tó ń kó o sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá yẹn ni triglyceride. Èmi tí mò ń sá fún epo, inú ara mi ni wọ́n ti ń fi láfún àti mínírà ṣe ọ̀rá. Ó ní bó bá ti ju 500 lọ, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ìnsúlíìnì lẹ́yìn àpò oúnjẹ lè ṣàdédé wú, ìyẹn sì lè pa èèyàn.

Ó yẹ ṣúgà oṣù mẹ́ta wò: 6.1, ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú. Ó yẹ táírọ́ọ̀dì wò, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, ìyẹn dára. Ó kọ metformin, oògùn tó ń jẹ́ kí ara gbọ́ ti ìnsúlíìnì. Mo yí oúnjẹ padà, mo ń rìn yípo pápá ìṣeré Kútọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, mo kúrò ní kílò 91, mo di 84. Ní Ọjọ́rú, triglyceride mi jẹ́ 164.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí. Ẹ wo òkèlè kí ẹ tó wo epo. Mi ò ní kí ẹ má jẹ láfún o, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, mo ṣì ń jẹ ẹ́. Ìkúùkù kan péré, ewédú á pọ̀, ẹja títù tàbí ṣáwá á wà níbẹ̀. Ẹ̀wà ti gba ipò búrẹ́dì láàárọ̀. Mínírà ti tán nílé mi.

Èkejì, àti oyin, àti omi èso, àti mọ́ọ̀tì tí a fi ń ṣe ẹni tó rẹ̀ lálejò, ṣúgà ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán lókè, mo tún un sọ torí oyin yẹn ló gbẹ̀yìn lára ohun tí mo gbà pé ó ń ṣe mí. Ìrẹsì ọ̀fadà náà níwọ̀n. Epo pupa ò wá di omi o: ó lè gbé LDL, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá burúkú, sókè, ṣíbí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n ti triglyceride, òkèlè àti mínírà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọmọ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ oògùn ọ̀rá fún yín. Dókítà àkọ́kọ́ ò bi mí. Mo ń lo statin, mo sì ń gbàdúrà oyún. Dókítà kejì ló ní kí n dá a dúró, torí kì í ṣe oògùn tí wọ́n sábà ń fi obìnrin sí nígbà tó bá ń wá oyún. Nǹkan oṣù tí kò wá kì í ṣe ẹ̀rí pé oyún ò lè wọlé. Ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, omi nìkan ni kí ẹ mu.

Wọ́n á ní ẹ ń parọ́. Ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ mu sínú ìwé, ẹ gbé e dání lọ. Ká ní mo ní ìwé yẹn lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin ni, ẹnikẹ́ni tó bá kà á ì bá rí láfún àti mínírà níbẹ̀.

Mo fi èsì Ọjọ́rú han ọkọ mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó ní, "Má bínú nípa ọ̀rọ̀ ọjọ́sí." Mo ní ó ti tán. Kò tíì tán.