Àyẹ̀wò ọdún mi: ọdún tí onídìrí lọ kọ́ṣẹ́ masáàjì

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin tèmi. Mo ti ní mi ò ní kọ nǹkan kan lọ́dún yìí torí gbogbo èèyàn ló ń kọ tiwọn, tibí ra mọ́tò, tọ̀hún ṣègbéyàwó, ẹlòmíì ti wà ní Canada tó ń ya yìnyín ní fótò, mo wo tèmi, mo ní kí ni mo fẹ́ sọ, ṣé pé mo ti mọ orúkọ iṣan ẹ̀yìn ni? Àmọ́ nígbà tí mo ro ó dáadáa, mi ò tíì ní ọdún tó jẹ́ kí n mọ nǹkan tuntun tó báyìí láti ìgbà tí mo ti gba fúríì lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín, ó máa gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé irun ni mo ń ṣe, ní Sango n'Ìbàdàn, ó ti pẹ́. Kọ́sítọ́mà á jókòó láti àárọ̀ torí pé kéékèèké ló fẹ́ kí n di tiẹ̀, tó bá fi máa dìde ọrùn ẹ̀ á ti le gbagidi, kò ní lè wo ẹ̀gbẹ́, èmi náà tí mo dúró lé e lórí, èjìká mi á ti kú. Mo wá máa ń bá wọn fọwọ́ wọ́ ọrùn díẹ̀ tí mo bá ti dì í tán, mi ò gbowó ẹ̀, ènì ni. Ká má parọ́, nígbà tó yá àwọn kan ń wá torí ènì yẹn ju irun lọ. Bí mo ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì masáàjì nìyẹn, èyí tí wọ́n ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, lápá Ring Road.

Ẹ wá wo ojú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nígbà tí mo sọ fún wọn. “Masáàjì bíi ti báwo?” Ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ń rò. Nílùú yìí tẹ́ ẹ bá ti lẹ́ ẹ ń ṣe masáàjì, ọkàn àwọn èèyàn á ti sáré lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Màámi nìkan ni wọ́n ní ṣebí nǹkan tí ìyá àwọn máa ń ṣe fún ọmọ tuntun náà ni, ọ̀rọ̀ sì tán lójú tiwọn. Lóòótọ́ mo ṣì rántí ìyá àgbà yẹn, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ọmọ á wà lórí ẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ òrí, wọ́n á wọ́ ọmọ láti èjìká dé ìka ọwọ́, wọ́n á fà á lápá, fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n á tún jù ú sókè, ọmọ á ké títí, tó bá yá á sùn fọnfọn. (Jíjù sókè yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, èmi náà ò sì ní dán an wò.)

Mo rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ la máa fọwọ́ kan ara. Irọ́ ni o. Àwòrán ni wọ́n gbé fún wa. Eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Ti ọrùn 7, ti ẹ̀yìn 12, ti ìbàdí 5, kó tó wá kan àwọn tó lẹ̀ mọ́ra wọn nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú bí mo ṣe ń dirun, méje, méjìlá, márùn-ún, méje, méjìlá, márùn-ún, títí kọ́sítọ́mà kan fi bi mí pé ṣé lótò ni mo fẹ́ ta, kí òun náà bá mi ta á. Lẹ́yìn eegun ló kan iṣan, tó lé ní 600, a dúpẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ní ká mọ̀. Orúkọ trapezius kò le láti pè. Gastrocnemius, ó yá. Sternocleidomastoid, ẹnu mi kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni levator scapulae. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yín di ẹ̀yìn ọrùn yín mú lápá òsì, ẹ wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dé ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, lókè eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn yẹn gan-an, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó dùn yín àbí? Òun nìyẹn. Láti ara eegun ọrùn mẹ́rin tó wà lókè ló ti wá, ó wá so mọ́ igun eegun èjìká, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹrí ba fún fóònù látàárọ̀, òun lẹ ń fìyà jẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lára ẹni tá a jọ wà ní kíláàsì, ó le bọ́kú bọ́kú lábẹ́ ìka mi, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní kó máa mí, kó má di èémí mú, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n lára pé ó ń rọ̀, ọmọbìnrin yẹn kàn sọ pé “yéè” lẹ́ẹ̀kan, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti sùn.

Swedish masáàjì la fi bẹ̀rẹ̀ ọwọ́. Effleurage, kí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ara lọ, kí agbára ẹ̀ kọjú sápá ọkàn. Petrissage, kí èèyàn máa gbé iṣan kó máa fún un bí ẹni ń po fúláwà. Friction, fífi ìka yí ojú kan náà. Tapotement, gbígbá a pàpàpà. Vibration, kí ọwọ́ máa gbọ̀n lé e. Tíṣà wa ní dókítà ará Holland kan, Johann Georg Mezger, tó kú ní 1909, ni wọ́n gbà pé ó sọ àwọn orúkọ yẹn di bárakú, kì í ṣe Per Henrik Ling ará Sweden tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ, eré ìdárayá nìyẹn gbájú mọ́, ó sì ti kú láti 1839. Kò sí kọ́sítọ́mà tó máa bi mí léèrè láéláé, àmọ́ mo fẹ́ràn kí n mọ̀ ọ́n.

Àtàǹpàkò ló fẹ́ lé mi jáde. Ẹ ẹ́ ṣe irun láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, Sátidé ẹ tún fi ìka kan náà tẹ ẹ̀yìn èèyàn, mo ń sunkún lálẹ́. Tíṣà wò mí, wọ́n ní agbára ni mò ń lò, kí n fi ìwọ̀n ara mi ṣe é. Kí ẹsẹ̀ kan wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí apá má tẹ̀, kí gbogbo ara fì síwájú, kí bẹ́ẹ̀dì má ga ju ibi tí kókó ìka mi dé lọ tí mo bá sọ ọwọ́ sílẹ̀. Níbi tó bá nílò kó wọlé dáadáa, apá ìsàlẹ̀ tàbí ìgúnpá ni, kì í ṣe àtàǹpàkò. Mo gbé ọgbọ́n yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àga kọ́sítọ́mà sókè, ìrora èjìká mi sì dín kù.

Bíbo ara náà ní kíláàsì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kọ́sítọ́mà wà lábẹ́ aṣọ látòkè délẹ̀, ibi tí mò ń ṣe lọ́wọ́ nìkan ló máa ṣí, tí mo bá ṣe ẹsẹ̀ tán mo bò ó kí n tó ṣí ìkejì, etí aṣọ á sì wọ abẹ́ itan kó má yọ̀. Mo fi fídíò ẹ̀ han ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní “ó dáa”, wọ́n ń wá ibi gbà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: nǹkan tí mo kọ́ jù lọ́dún yìí ni ìgbà tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn. Ìdajì kọ́ọ̀sì yẹn ni. Ẹni tí ibà ń ṣe, rárá. Ojú egbò tàbí nǹkan ara tó ń ràn, rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ò tíì gbọ́ oògùn, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta kókó lẹ́sẹ̀, mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Iwájú ọrùn, abíyá, kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn orúnkún, a kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀. Físíò (physiotherapist, àwọn tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú aláìsàn) ni tíṣà wa kan, UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n ti kàwé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ físíò láti 1966, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rán wa létí pé a kì í ṣe físíò, a kì í ṣe dókítà, kí ẹnikẹ́ni má to eegun fún ẹnikẹ́ni.

Lápá ìparí oṣù kẹsàn-án, kọ́sítọ́mà mi kan mú ọkọ ẹ̀ wá. Bàbá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè Ọya dé, mọ́tò ni wọ́n wọ̀, wọ́n jókòó sójú kan títí wọ́n fi dé Ìwó Road. Wọ́n ní iṣan ẹsẹ̀ ló so, kí n bá àwọn wọ́ ọ dáadáa, kí n má fọwọ́ rọra. Mo ní kí wọ́n ká ṣòkòtò méjèèjì. Ẹsẹ̀ òsì wú lẹ́yìn, láti abẹ́ orúnkún wálẹ̀, ó ń dán, ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ bà á, ó gbóná ju èkejì lọ. Àyà mi já. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó jìn sínú ẹsẹ̀, tí èèyàn bá sì wọ́ ọ, èyí tó dì yẹn lè já, kó gba ọkàn kọjá lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Mo ní “Dádì, ẹ má bínú, mi ò ní lè fọwọ́ kàn án, ẹ lọ ọsibítù UCH lónìí, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la.” Wọ́n wò mí. “Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe sà. “Kí wá ló dé?” Ojú ń ti ìyàwó wọn, àwọn tó ń dirun ti dákẹ́, gbogbo etí ló là. Mo ṣe àlàyé, wọ́n ní èmi tí mò ń dirun fẹ́ máa ṣe dókítà. Wọ́n bínú jáde. Ìyàwó ló fi ọgbọ́n tì wọ́n wọ mọ́tò Micra, ó di UCH. Wọ́n ya àwòrán inú ẹsẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ ti dì lóòótọ́, wọ́n fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kó dì sí i. Ìyàwó ló pè mí lálẹ́, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà. Bàbá fúnra wọn ò tíì kí mi dáadáa títí dòní, wọ́n ní mo dójú ti àwọn níwájú àwọn obìnrin. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣáà ti máa rìn, Dádì.

Ìdánwò ìparí wá bọ́ sí oṣù kọkànlá. Tíṣà fúnra wọn ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì bíi kọ́sítọ́mà, wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dun àwọn, wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ò bá bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò ti féèlì kó tó pa ọwọ́ sí òróró, torí wọ́n fi í sínú ìtàn wọn pé oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn làwọn ń lò. Ọpẹ́ ni fún bàbá ẹlẹ́sẹ̀ wíwú, ìbéèrè yẹn ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n. Mo yege.

Síbẹ̀ mi ò ní pera mi ní ọ̀gá. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní New York ní wákàtí 1,000 ni wọ́n ń kà lọ́dọ̀ tiwọn kí wọ́n tó gbà kéèyàn gba láísẹ́ǹsì, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ míì ní Amẹ́ríkà sì ń lo ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní MBLEx, ìbéèrè 100. Tiwa ò súnmọ́ ìyẹn. Ẹ̀kọ́ ṣì pọ̀ níwájú.

Owó ńkọ́? Irun ló ṣì ń bọ́ mi. Mo fi kọ́tìnnì pín ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ra fáànù tó ń gba iná pamọ́ torí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kéèyàn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Òrí tí mo ń rà ní Bódìjà ni mo ń lò, mo ń fi òróró àgbọn là á kó má nípọn jù. Ẹni tó bá ní kí n bá òun yọ májèlé kúrò lára, mo ń sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ẹ̀ ń ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé obìnrin nìkan ni mò ń lọ, ọkùnrin á wá sí ṣọ́ọ̀bù, níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi méseèjì ránṣẹ́ láàárín òru pé ṣé mò ń ṣe “èyí tó kù”, mo ti dí yín pa, kí ẹ̀yin náà máa ṣe ọdún lọ.

Tó bá di oṣù kejì, mo fẹ́ lọ kọ́ ti aláboyún, ìyẹn gan-an ló ń wù mí. Mo tún fẹ́ ra àga tí wọ́n ń jókòó kọjú sí, kí n máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà, ìṣẹ́jú 15 péré, ọrùn àti èjìká, láìbọ́ aṣọ. Àwọn tó ń ru ẹrù níbẹ̀ náà, owó díẹ̀ ni mo máa gbà lọ́wọ́ wọn.

Mi ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní o, ẹ má pè mí. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ sì jẹ mí lówó irun Kérésì, ẹ mọra yín, mo ṣì mọ ibi tí levator scapulae yín wà.