Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ fún aláìní, ẹ wádìí ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀

Tí wọ́n bá pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn aláìní lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n jẹ ìrẹsì tán, kì í pẹ́ tí díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà fi ń dé ọjà ní ìdajì owó wọn, tí orúkọ ẹni tó fi wọ́n tọrẹ ṣì wà lára wọn gàdàgbà. Ohun tí ará ìlú kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé owó ọ̀fẹ́ ló ti bà wọ́n jẹ́. Èmi ò gbà. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí iná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ lè ṣe fún un lọ́sẹ̀ náà ni pé kó tà á, kó fi san gbèsè. Ìṣirò tirẹ̀ péye ju ti ẹni tó ta á lọ́rẹ lọ.

Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ la ń wí. Kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní abúlé èyíkéyìí láàárín Ìkọ̀lé sí Òmùò ní Èkìtì, kí ẹ lọ ní ìdájí, kí ẹ wo àwọn obìnrin tí èéfín ti sọ ojú wọn di pupa kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá ṣe pé iṣẹ́ nìkan ni oògùn náà, àwọn ni ìbá máa kọ́lé sí Adó. Iṣẹ́ wọn kò kéré. Owó tó ń dúró sọ́wọ́ wọn ló kéré, ẹni tó bá sì fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi gàrí náà ṣe é, torí òun ni iṣẹ́ tí obìnrin tí kò ní nǹkan kan máa ń tètè rí ṣe níhìn-ín. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan, ìyẹn 1,000 kílò, tó bá gbó dáadáa, á di gàrí bíi 200 sí 250 kílò. Èyí tó kù ti bá èèpo lọ, ó ti bá omi lọ lábẹ́ jáàkì, ó ti bá ooru lọ nínú agbada. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn, gàrí náà á tún dín sí i. Ẹ̀gẹ́ ń rúwé tuntun lásìkò yẹn, ohun tó sì ti kó pamọ́ sínú gbòǹgbò ló fi ń rú u. Omi ló máa kù níbẹ̀. Owó ọkọ̀ kò dín, owó ìlọ kò dín, gàrí dín. Àgbẹ̀ tó ń ta oko ẹ̀gẹ́ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa ń yá sí títà nígbà náà. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wò yíká, á ní ayé ló ń jẹ gàrí òun.

Ẹ̀gẹ́ kì í sì í ní sùúrù. Tí wọ́n bá ti wà á, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ilà dúdú á ti máa là nínú rẹ̀. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè bó bíi 25 kílò ní wákàtí kan, nítorí náà tọ́ọ̀nù kan jẹ́ iṣẹ́ 40 wákàtí fún ẹni tó dá wà. Kó tó bó o tán, apá kan ti bàjẹ́. Ó di dandan kó gba àwọn alágbàṣe tó máa bá a bó o, owó wọn sì ń jáde kó tó rí gàrí kankan tà. Tí obìnrin márùn-ún bá fi ṣe àáró, wákàtí mẹ́jọ péré ni: lónìí ọ̀dọ̀ tèmi, lọ́túnla ọ̀dọ̀ tìrẹ. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀wẹ̀ o. Oúnjẹ wà nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó pè é ló ń bọ́ wọn, ẹni tí kò ní nǹkan kò sì lè pè é lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù. Gbèsè iṣẹ́ ni àáró, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san án. Ohun tó máa ń tú u ká ni kí ẹnì kan jẹ iṣẹ́ àwọn yòókù tán, kó wá rán ọmọ kékeré wá nígbà tó kan ẹlòmíràn. Kí wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àgbàlagbà fún àgbàlagbà, ẹni tí kò bá lè wá á san iye tí wọ́n ń san fún alágbàṣe lọ́jọ́ náà, lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni owó tí wọ́n fi ń ra ẹ̀gẹ́. Ká ní 100,000 náírà ni obìnrin kan tó ń yan gàrí ń gbé yípo, olówó èlé ló sì yá a. Èlé jẹ́ 20,000 lóṣù, ojú owó dúró síbẹ̀. Ó ń yan gàrí lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù. Tó bá ti yọ owó ẹ̀gẹ́, ọkọ̀, ìlọ, igi àti àpò kúrò, 8,000 ló ń kù fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn 32,000. Olówó èlé á gba 20,000 níbẹ̀, 12,000 ló kù fún òun àtàwọn ọmọ. Tí ọdún bá yí po, ó ti san 240,000 lórí 100,000, ó sì tún jẹ 100,000 náà gbáko. Sọgúndogójì gan-an tiẹ̀ sàn ju èyí lọ. Iye owó yìí ò ní rí bákan náà lọ́jà gbogbo; ẹ fi ti àdúgbò yín sí i, kí ẹ tún un ṣe.

Àwọn kan wà tí kì í gba èlé rárá, gàrí ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á fún un lówó ẹ̀gẹ́, wọ́n á wá kó gàrí lọ́jọ́ ọjà ní iye tí àwọn fúnra wọn bá dá, kòńgò tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ síta. Torí pé ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń bọ̀, kò ní lè fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Á lọ̀ ọ́ lónìí, á fún un lálẹ́, á yan án lọ́la. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ kò tíì jáde tán nínú irú gàrí bẹ́ẹ̀. Tó bá tún yan án kánmọ́kánmọ́ tí kò gbẹ, á bu nínú àpò, ẹni tó rà á á sì fi ìyẹn gé owó rẹ̀ lọ́jà tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn á wá ní àwọn obìnrin abúlé yẹn kò mọ gàrí yan.

Nítorí náà, ẹni tó ní 100,000 tó fẹ́ fi ṣàánú, kó má ra agbada. Obìnrin yẹn ní agbada. Kó gba ipò olówó èlé. Kó bá a lọ san 100,000 náà fún ẹni tó jẹ, níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí wọ́n gba ìwé àdéhùn padà tàbí kí wọ́n ya á lójú gbogbo wọn. Owó tó ń gbé yípo ti di òmìnira. Obìnrin náà á wá máa san 20,000 lóṣù fún olùrànlọ́wọ́, iye tó ti mọ́ ọn lára láti máa san tẹ́lẹ̀, èlé kò sí níbẹ̀. Lóṣù karùn-ún, ó parí. Láti oṣù kẹfà, 32,000 tirẹ̀ ni, ojú owó tirẹ̀ ni. 100,000 ti ẹni tó ṣàánú náà sì ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kejì. Láàárín ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì, owó kan ṣoṣo yẹn á ti dá èèyàn mẹ́wàá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ ni, ẹnì kan náà ni, tí a ò bá tiẹ̀ rí ọrẹ náà lọ́jà.

Nǹkan méjì ló máa ń ba ètò yìí jẹ́. Èkíní ni fífún un lówó sọ́wọ́. Gbèsè àtijọ́ wà níbẹ̀, ti tuntun wá gùn ún, obìnrin kan ti di ẹlẹ́gbèsè ilé méjì. Èkejì ni kí orúkọ olóṣèlú wà lára owó náà. Láti 2014 tí gbólóhùn “stomach infrastructure”, ìyẹn kí olóṣèlú máa pín oúnjẹ àti owó fún ará ìlú, ti gbòde kan ní Èkìtì, owó tó bá gba ọ̀dọ̀ olóṣèlú kọjá, ìpín wa la kà á sí, kò sẹ́ni tó ń dá a padà. Kí ó jẹ́ àyálò láàárín èèyàn sí èèyàn, kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, láìsí fọ́tò.

Ẹrù obìnrin náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ o, mi ò ní fi aṣọ bò ó. Kó ní agolo méjì, ọ̀kan fún ojú owó, ọ̀kan fún èrè, kó má jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn. Owó ẹ̀gẹ́, ọkọ̀ àti ìlọ ní láti padà sínú agolo àkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ búrẹ́dì. Tí kò bá mọ̀wé, kó fi èédú fa ilà sára ògiri fún gbogbo kòńgò tó bá tà láwìn. Ọjọ́ tí ilà bá pé mẹ́wàá, kó dáwọ́ àwìn dúró títí wọ́n á fi san. Àwìn ń pa oníṣòwò kékeré ju olè lọ, torí ìbátan àti ará ilé ìjọsìn ló ń rà á, ojú sì ń tì í láti sìn wọ́n. Aṣọ ẹbí ńkọ́? Láàárín oṣù márùn-ún yẹn, rárá. Kó sọ fún ìyá ìyàwó pé òun á wá fọ abọ́. Bí ọkọ bá sì wà nílé, kí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń san gbèsè náà, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé owó ẹ̀gẹ́ kì í ṣe owó ilé.

Ó yẹ kí àwọn márùn-ún tó ń ṣe àáró ní kóló. Kí oníkálukú máa jù 500 sí i lọ́sẹ̀: 2,500 lọ́sẹ̀ kan, 50,000 ní ogún ọ̀sẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lára àpótí, lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kí àpótí wà nílé ẹni kẹrin. Àìsàn àti òkú nìkan ni wọ́n á máa ṣí i fún. Ibà ọmọ kan lè jẹ ojú owó tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà kó jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìdí tí kóló fi ṣe pàtàkì ju èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan tí mo ti kọ sókè lọ nìyẹn. Nígbà tí gbèsè bá tán, kó wá gba káàdì lọ́wọ́ alájọ. 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 jẹ́ 15,500. Ti ọjọ́ kan ni ti alájọ, 15,000 á bọ́ sí i lọ́wọ́. Kó máa gbà á ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi àjọ oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ ń dán alájọ wò ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sàn jù fún owó tó bá fẹ́ pẹ́.

Ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, kúkúrú ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti mọ aṣọ rán láti ọdún tó kọjá tí wọ́n ṣì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, nítorí owó fúríìdọ́ọ̀mù, ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ẹ má san gbogbo owó iṣẹ́ fún ọ̀gá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdá mẹ́ta ni kí ẹ pín in sí: ọ̀kan nígbà tó bá wọlé, ọ̀kan nígbà tó bá dá gé aṣọ kan tó sì rán an tán fúnra rẹ̀, ọ̀kan lọ́jọ́ fúríìdọ́ọ̀mù. Kí owó ayẹyẹ wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ sì san owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́fà pẹ̀lú rẹ̀.

Gbogbo èyí kò kan ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán. Ní 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tó ti pé ọmọ ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù. Àwọn kan ní ìfowóṣòfò ni, pé kí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ni kí ó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyá àgbà ọmọ ọgọ́rin ọdún? Ọ̀dọ̀ aláte tó wà ní ìdí ilé wọn ni owó yẹn máa ń lọ nígbà náà: gàrí, ẹja, ọṣẹ, oògùn. Ẹni tó ń yan gàrí nílò ẹni tó máa rà á.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ètò àyálò yìí, kó wo oṣù kó tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni owó ilé ìwé máa ń dé, oṣù Kejìlá sì ni ti òkú àti ìgbéyàwó. Mo máa ń rọ àwọn tó ń yáni lówó pé kí wọ́n má gba nǹkan kan lóṣù Kẹsàn-án, kí oṣù márùn-ún di mẹ́fà. Tí ẹ bá fi dandan gba 20,000 yẹn lọ́wọ́ obìnrin tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ wálé, á san án fún yín lọ́jọ́ tó pé. Ọ̀dọ̀ olówó èlé ló sì máa lọ yá a.