Ọjọ́rú tí mo sọ fún ìyá mi

Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ jẹ́ ọ́físà. Mo ti fẹ̀yìn tì sí Ìsánlú, mo sì fẹ́ sọ ohun tójú mi rí.

Orílé-iṣẹ́ bìrìgéèdì ológun kan ni mo wà nígbà náà. Èmi ni mo ń kọ àṣẹ ìrìn: àwọn wo ló máa jáde, ọjọ́ wo, ọ̀nà wo. Àwọn ajínigbé ti lé àwọn èèyàn wa kúrò lóko, iṣu ń jẹrà nínú ebè. Ìyá mi pè mí lálẹ́: "Ọkọ mi, ìgbà wo lẹ máa wá?" Mo ní, "Ẹ fara dà á di Ọjọ́rú." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, àna wa kan ti pè láti Kàbà, ó ń dúpẹ́ Ọjọ́rú lọ́wọ́ mi.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Wọ́n fagi lé ọjọ́ náà, àwọn ará ilé mi sì tún fi ọ̀sẹ̀ méjì wo oko wọn lókèèrè.

Láti ìgbà náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní: "Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n sọ." Kódà bí kò bá sí nǹkan kan nílẹ̀, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń sọ "mi ò mọ̀" lónìí, tẹ́ ẹ wá ń sọ "mi ò lè sọ" lọ́la, ẹ ti sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ ìwé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ àṣẹ sí pẹ̀lú. Mo ti rí i tí wọ́n ti àṣẹ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin, tí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ wà nínú garawa ìdọ̀tí, tó kù díẹ̀ kó di ohun tí wọ́n ń fi pọ́n àkàrà. Ẹ sun ún, kẹ́ ẹ ro eérú rẹ̀ pọ̀.

Ti fóònù ńkọ́? Ní January 2018, àwòrán ilẹ̀ tí Strava, áàpù tó ń ṣàkọsílẹ̀ eré ìdárayá, gbé jáde láti fi ibi táwọn èèyàn ti ń sáré hàn tú àṣírí ibùdó ológun ní Síríà àti Afganísítàánì. Ṣọ́jà tó ń sáré ìdárayá ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni o.

Bó bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ká ní mo dákẹ́ ni, ọkọ̀ á gbéra ní Ọjọ́rú yẹn. Mo mọ àwọn tó máa wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, èmi ni mo kọ orúkọ wọn.