Ará Sweden ò mọ "Swedish massage"

Ọdún kejì mi rèé ní Stockholm, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ká gbé wọn dìde ká gbé wọn jókòó, ẹ̀yìn mi ti le bíi pákó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá gbéra ó di ilé másáàjì, mo ní "Swedish massage" ni kí wọ́n ṣe fún mi, obìnrin yẹn wò mí títí ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní klassisk massage làwọn ń pè é níbí o. Ẹ gbọ́ ná, àwọn tó lorúkọ ò mọ orúkọ!

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń rojọ́. Ó ní Pehr Henrik Ling tí gbogbo ayé ń pè ní bàbá ẹ̀, eré ìdárayá ni tiẹ̀ gan-an, òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Stockholm lọ́dún 1813. Orúkọ Faransé tí wọ́n fi ń pe ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, bíi pétrissage, tí wọ́n máa ń po ẹran ara bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, Johann Mezger, dókítà kan ní Amsterdam, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó kó o jọ. Ti Thailand, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀ ní 2019. Ti Japan ló wọ̀ mí lára jù, wọ́n ń pè é ní anma, láyé àtijọ́ àwọn afọ́jú ló pọ̀ nídìí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ èjìká mi báyìí, ìyá àgbà mi n'Ílọrin ni mo rántí. Bí wọ́n bá bímọ lágboolé wa, wọ́n á bu òrí (tọ́jà Ọba, wọn kì í ra tibòmíì) sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fọwọ́ ra á títí á fi yọ́, wọ́n á wá wọ́ ọmọ látọrùn dé ìdí, wọ́n á gbé apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì lórí ikùn, ọmọ á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, tó bá yá á sùn bí òkúta.

Mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní èló? Mo ní 700 kronor, mo sọ ọ́ di náírà.

"Sùbùhánálláhì! Ṣé òrí ni wọ́n fi wọ́ ẹ?"

Mo ní rárá o, òróró kan báyìí tí ò rùn.

"Owó ẹ ti wọgbó nìyẹn, Àjàní."