Mary Ann Cotton àti ọkùnrin tó bèèrè ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti ń jà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mary Ann Cotton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 1832 ni wọ́n bí i, lágbègbè Durham níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Ọkọ 4 ló fẹ́, 3 kú sí i lọ́wọ́. Nínú ọmọ 13 tí wọ́n ló bí, 11 ló kú. Àwọn kan tiẹ̀ ní gbogbo èèyàn tó pa lè tó 21.

Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní ásẹ́níìkì ló ń lò. Nígbà yẹn òun ni wọ́n fi ń pa eku àti ìdun, bí àwa náà ṣe ń ra òtápiápiá lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri l'Ọ́jà Ọba níbí. Ásẹ́níìkì yìí kì í rùn, èèyàn ò sì lè tètè mọ̀ ọ́n lẹ́nu, àmọ́ tó bá ti wọnú, ó di èébì, ó di ìgbẹ́ gbuuru, inú á máa lọ́ èèyàn. Dókítà á dé, á ní ibà inú ni, wọ́n á gbé òkú lọ sin. Ọmọ tálákà ń kú lójoojúmọ́ nígbà yẹn, ta ló fẹ́ bèèrè?

Owó ìnṣọ́ránsì ló ń wá. William Mowbray tó kọ́kọ́ fẹ́ kú lọ́dún 1865, ó gba £35, owó ńlá nìyẹn fún ìyàwó lébìrà. George Ward tó fẹ́ tẹ̀ lé e, ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ló ti rí i, ìyẹn náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. James Robinson nìkan ló bọ́, torí obìnrin náà ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó ṣe ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí ara ẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀, ìgbà tó sì rí i pé ó ti ń kó òun lówó, ó lé e jáde nílé.

Mo sọ ìtàn yìí fún ìyá tó ń ta èlùbọ́ fún wa ní Ìgbọ̀nà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn ọkọ yẹn ò lẹ́bí ni?" Mo ní wọ́n ní ẹbí, Mà, àmọ́ obìnrin yìí kì í jókòó síbì kan, tí wọ́n bá ti sin òkú tán ó ti kó lọ ìlú mìíràn, àwọn tó wà níbí ò mọ̀ nípa àwọn tó kú lọ́hùn-ún.

Thomas Riley ló já a. Òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláìní ní West Auckland ni. Lọ́dún 1872, Mary Ann fẹ́ kó gba Charles Edward, ọmọ ọdún 7 tí Frederick Cotton, ọkọ ẹ̀ kẹrin, fi sílẹ̀, sí ilé tí wọ́n ń kó aláìní sí. Ìyẹn ò ṣeé ṣe, ni Mary Ann bá ní ọmọ náà ò ní yọ òun lẹ́nu pẹ́, pé bí àwọn Cotton tó kù ṣe lọ ni Charles náà máa lọ. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ kú. Riley ò pa á mọ́ra o, ó gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ó ní kí wọ́n má tíì kọ ìwé ikú. Ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì ni ìyá yìí kọ́kọ́ gbà lọ ní tiẹ̀! Wọ́n ní kò sówó láìsí ìwé dókítà.

Síbẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ikú Ọlọ́run ni. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà tó ti tọ́jú díẹ̀ lára ohun tó wà nínú ọmọ náà, ó tún un yẹ̀ wò, ásẹ́níìkì ló bá níbẹ̀. Wọ́n hú òkú àwọn mìíràn nínú ilé yẹn, ó wà lára àwọn náà.

Ní kóòtù, lọ́yà ẹ̀ ní bóyá ara pépà aláwọ̀ ewé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni májèlé náà ti wá. Wọn ò gbà. 24 March 1873 ni wọ́n yẹgi fún un ní Durham. Ikú Charles Edward nìkan ni wọ́n sì torí ẹ̀ dá a lẹ́bi.